Ìdáhùn Tó Bá Pẹ́, Àṣìṣe Ni

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Jámánì ni pé ọkọ̀ ojú irin wọn máa ń pẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nílé. Ohun tí Bàbá mi sọ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Jámánì ni mò ń lọ ni pé, "Àwọn yẹn? Ohun tí wọ́n bá ti dá ìgbà fún, kì í yẹ̀." Ilé ìwádìí ìmọ̀ ọ̀gbìn kan ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti bá òyìnbó kan láti Jámánì ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tó bá wọlé ni àwọn yòókù fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Torí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́, mo dúró sí ibùdókọ̀ nínú òtútù, mo tẹjú mọ́ ojú irin bí ẹni tó ń retí ọkọ ìyàwó. Ọkọ̀ ò dé. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó oníná kan pé ó máa pẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n tún un kọ: ó máa pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wo àwọn èèyàn tó yí mi ká. Kò sẹ́ni tó pariwo, kò sẹ́ni tó bú awakọ̀ tàbí ìjọba. Obìnrin kan kàn mí kanlẹ̀, ó yọ ìwé kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó ń kà á. Mo rántí ibùdókọ̀ tiwa ní Ìyànà Ọ̀fà, níbi tí táásì tó ń lọ sí Ìwó Road kì í ní àsìkò kankan. Ìgbà tó bá kún ló ń lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo èrò ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ ó ka orí, ẹ ó mọ iye èèyàn tó kù, bí ìyá kan bá sì ń gbé agbọ̀n bọ̀ lókèèrè, inú gbogbo yín á dùn. Ètò ni ìyẹn náà. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi ní ìbéèrè kan: èwo ló sàn jù, ohun tó yára, àbí ohun tí èèyàn mọ ìgbà tó máa dé?

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìbéèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí.

*

Ilé iṣẹ́ wa ò tóbi. Ó wà ní ìlú kékeré kan tí òkè onígbó yí ká, ayùn oníná tí àwọn káfíńtà fi ń la pákó ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Tábìlì irin ni ayùn náà, abẹ roboto bí àwo ń yí ní àárín rẹ̀, káfíńtà á sì máa ti pákó sí i. Ẹni tó bá ti dé ọjà pákó rí mọ ohun tí irú abẹ bẹ́ẹ̀ lè fi ọwọ́ èèyàn ṣe.

Ayùn tuntun tí wọ́n fẹ́ gbé jáde ní tiẹ̀ ní ojú, ìyẹn kámẹ́rà kékeré kan. Ojú yẹn ń ṣọ́ ọwọ́ káfíńtà. Bí ọwọ́ bá ti sún mọ́ abẹ jù, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ tábìlì náà á pàṣẹ, irin kan á fò jáde, á gún abẹ, abẹ á sì dúró gbọnin. Kí ojú tó ṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti parí. Mo wà lára àwọn tó ń kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà yẹn ń tẹ̀ lé.

Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀gá wa, ọkùnrin gíga kan tó ń jẹ́ Wẹ́nà, mú mi lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń dán ayùn wò. Ó ṣí fíríìjì, ó yọ sọ́séèjì kan jáde, ó gbé e lé orí pákó, ó sì tì í lọ bá abẹ tó ń yí. Gbàù! Mo fò sẹ́yìn. Nígbà tí mo la ojú, abẹ ti dúró, irin ti há sínú eyín rẹ̀, sọ́séèjì sì wà níbẹ̀ lódindi, ara rẹ̀ kàn bó díẹ̀.

"Kò sí ohun tó jọ ìka èèyàn tó o," Wẹ́nà sọ. "Kì í sì í pe èèyàn lẹ́jọ́."

"Sọ́séèjì tí wọ́n ń jẹ?" Mọ́mì mi bi mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ wá ń fi ayùn gé e."

"Kí ayùn má baà gé e ni, mà."

Àgbà ìjọ ni Mọ́mì mi nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní àdúgbò wa, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣeré. "Ó dáa," wọ́n ní, "níjọ́ tó bá yè é, ta ló ń jẹ ẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni mo gbìyànjú láti ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún wọn. Mo ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n mọ̀, tó wà ní báńkì tàbí nínú fóònù wọn, bó bá rò ó pẹ́, èèyàn á kàn dúró dè é, á sì ráhùn. Ti àwa yìí ò gbọ́dọ̀ pẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ lè tọ̀nà pátápátá, ṣùgbọ́n bó bá dé lẹ́yìn ìgbà tó yẹ, àṣìṣe ni.

"Bí ẹni tó gbé omi dé nígbà tí ilé ti jó tán," ni Mọ́mì wí.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mà."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó pẹ́."

"Àmín, mà."

*

Iṣẹ́ ò ni mí lára tó ìkíni. Nílé, kò sí ohun tí èèyàn ń ṣe tí a ò ní ìkíni fún: ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó jókòó, ẹni tó ti ìrìn àjò dé, ẹni tí òjò pa. Níbí, màá wọ ọ́fíìsì, màá kí wọn káàárọ̀, wọ́n á dáhùn, ó parí nìyẹn. Ọ̀sán nìkan ló yàtọ̀. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, gbogbo wọn á máa fi ọ̀rọ̀ kan kí ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "àsìkò oúnjẹ". Mo rò pé wọ́n ń pè mí wá jẹun ni. Mo bá tú ìdáhùn tiwa sí èdè wọn, mo ní, "Á gba ibi ire." Ọkùnrin tí mo dá lóhùn dúró, ó bojú wẹ̀yìn, bóyá ibi ire kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí òun ò rí.

Èdè wọn ní "ìwọ", ó sì ní "ẹ", bíi tiwa. Nígbà tí mo kọ́ ìyẹn, inú mi dùn, mo ní àwọn wọ̀nyí mọ àgbà. Àfi bí Wẹ́nà, tó lè bí mi, ṣe ní kí n máa pe òun ní ìwọ, pé bí gbogbo ọ́fíìsì ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń wá bí mo ṣe máa sọ̀rọ̀ tí "ìwọ" ò ní sí nínú rẹ̀, tí "ẹ" náà ò sì ní sí. Dípò kí n ní "fún mi ní kọ́kọ́rọ́", màá ní, "Ó dà bíi pé yàrá yẹn wà ní títì." Mágídà, ọmọ ilẹ̀ Pólàńdì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló kọ́kọ́ fura.

"O ń sọ̀rọ̀ bí awakọ̀ tó ń yà fún kòtò," ó ní.

Mo ní lọ́dọ̀ wa, a mọ kòtò yà fún.

Ọjọ́ Àìkú ló wá le jù. Ọjọ́ Àìkú kan báyìí, mo fẹ́ se ọbẹ̀, mo tan ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ata. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Màmá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé ni. "Ọjọ́ Àìkú ni lónìí," wọ́n sọ. Ohùn wọn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rán ọmọ létí ohun tó gbàgbé. Ariwo ò sí lọ́jọ́ Àìkú. Mo padà wọlé, mo jókòó ti ata tí mo lọ dé ìdajì. Ní àkókò yẹn gan-an, mo mọ̀ pé agogo ń dún nínú ìjọ Mọ́mì, àtẹ́wọ́ ń lọ, ọkọ̀ òfurufú ń kọjá lórí àdúgbò lọ sí Alákíà, ẹni tó ń ta àgbàdo sísè sì ń polówó lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́dọ̀ tèmi, ìró fíríìjì ni mo ń gbọ́. Nígbà tí mo yí ọrùn, mo gbọ́ ìró egungun ọrùn mi.

Mi ò sunkún. Mo kàn ń wò ó bí ẹni tó ń wo nǹkan àjèjì: ìlú kan odindi ti fẹnu kò pé àwọn máa dákẹ́, wọ́n sì dákẹ́ lóòótọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

*

Nígbà tí yìnyín tán lórí òkè, a rí i pé ayùn wa ní àìsàn kan.

A ó dán an wò láàárọ̀, á dúró. A ó dán an wò lọ́sàn-án, á dúró. Lọ́jọ́ kan ṣá, láìsí ohun tó ṣe é, abẹ á pẹ́ díẹ̀ kó tó dúró, sọ́séèjì á já sí méjì. A ó tún un gbìyànjú, á sì dúró gbọnin bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Wẹ́nà pe ìpàdé. Ó ní kọ̀ǹpútà yẹn ló ń lọ́ra, kí á fi èyí tó yára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. A rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, sọ́séèjì kankan ò já, ara tu gbogbo ilé iṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ayùn sínú páálí. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí sọ́séèjì tún já.

Wẹ́nà dúró tì í, ó fi ìka yí àbọ̀ kan. "Bóyá a ò gbé e síbẹ̀ dáadáa ni," ó sọ. "Ó ti pẹ́ gan-an tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn."

"Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀," mo sọ.

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo rò pé lọ́dọ̀ yín, ẹ kì í da ara yín láàmú nítorí àsìkò."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ibi. Àwàdà ni, àwọn méjì kan sì bá a rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo ṣì wà ní oṣù ìdánwò, ìgbà tí wọ́n lè ní kí n máa lọ láìsọ ìdí kankan, iṣẹ́ yẹn sì ni ìwé ìgbélùú mi so mọ́.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà ń yí lọ́kàn mi. Àwa? Ilé tí mo ti jáde wá, àsìkò ló ń darí rẹ̀. Mùsùlùmí ni Bàbá mi, ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni wọ́n ń kírun, wọ́n á sì máa wo òjìji ògiri láti mọ ibi tí oòrùn dé. Mọ́mì ní wákàtí àdúrà tiwọn, kì í yẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ gbàdúrà lásìkò kan náà, Bàbá á gba pálọ̀, Mọ́mì á gba ẹ̀yìnkùlé. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé nǹkan kan wà tí ó ní ìgbà tirẹ̀, tó jẹ́ pé bí ìgbà yẹn bá kọjá, ó ti di nǹkan mìíràn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ìyẹn fún Wẹ́nà nínú èdè tí mi ò tíì lè pè é ní ìwọ.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ayùn náà fúnra rẹ̀. Kí ló ń dá a dúró? Kọ̀ǹpútà tuntun yẹn yára gan-an. Ó yára, ó sì ń pẹ́. Mo ń rò ó nínú ọkọ̀, mo ń rò ó nídìí ìṣasùn. Káfíńtà tó bá fi ọwọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó pẹ́, kí ni àǹfààní rẹ̀ fún un pé ó dúró lásìkò fún gbogbo ayé yòókù?

*

Ọ̀sán Sátidé kan, mo pe ilé. Bàbá ló gbé e.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà."

"Kú ọ̀sán, ọmọ mi. Òtútù ńkọ́?"

"Ó ti ń lọ, sà. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń dúró de korobá."

Mo mọ̀ láti inú ohùn wọn pé inú ń bí wọn. Wọ́n ní iná ti lọ láti àná, ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè ò ṣiṣẹ́, kànga ni wọ́n padà sí, korobá ìfami kan ṣoṣo ló sì wà nílé. Wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá, àsìkò ìrun Alásàrì sì ń lọ.

"Ta ló wà lẹ́nu kànga, sà?"

"Kò sẹ́nìkankan lẹ́nu kànga! Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn."

Rọ́fíà ló mú korobá. Rọ́fíà ni ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin, ìyàwó ilé, òun ló sì kéré jù nínú agbo ilé wa. Ó fa omi, ó kó aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú korobá, ó ń ṣàn án lọ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kó parí ni Àǹtí Bísí, àbúrò Bàbá tó ń bá wọn gbé, pè é pé kó sáré wá yí gààrí tó wà lórí iná. Bó ṣe ń yí gààrí tán, Àǹtí Bísí tún rán an sí ẹ̀bá títì kó lọ ra epo. Aṣọ ọmọ wà nínú korobá lẹ́yìnkùlé, Bàbá ò sì lè da aṣọ ọmọ sílẹ̀.

"Ẹ ò ṣe sọ fún Àǹtí Bísí pé ẹ̀ ń dúró?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún Bísí? Bísí ò fọwọ́ kan korobá. Kò mọ̀ pé mò ń dúró. Ohun tó mọ̀ ni pé ìyàwó ilé wà nílẹ̀, iṣẹ́ sì wà." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Èmi baálé, ta ló wá dá mi dúró? Kì í ṣe Rọ́fíà, ká ní wọ́n fi í sílẹ̀, ì bá ti parí. Kì í ṣe Bísí, kò mú ohun tí mo fẹ́. Síbẹ̀ mo jókòó síbí, oòrùn ń lọ."

Mo dìde dúró.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà, sà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Kí n tún kí ni sọ? Rọ́fíà ti dé. Ó dìgbà." Wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá wọn.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mo ti kà nípa ohun tí Bàbá sọ yẹn ní yunifásítì. Ó lórúkọ nínú ìwé, mo tilẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò rí. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn há sórí yàtọ̀ sí ohun tó gbọ́ tí baba rẹ̀ ń ráhùn lé lórí.

Nínú kọ̀ǹpútà ayùn wa, iṣẹ́ mẹ́ta ló ń lọ pọ̀, a sì fi wọ́n sí ipò bí àgbà àti ọmọdé. Dídá abẹ dúró ni baálé. Yíya àwòrán sójú gíláàsì kékeré tó wà lára ayùn, tí káfíńtà ń wò, ni ti àárín. Èyí tó kéré jù ni iṣẹ́ kan tó kàn ń kó ohun tí ojú ayùn rí pa mọ́, kí àwa lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Baálé àti èyí tó kéré jù yìí ló jọ ń mú ohun tí ojú rí níbì kan náà, ẹnìkan ṣoṣo ló sì lè wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó kéré bá ti wọlé, kò ní pẹ́ jáde, àyàfi bí ti àárín bá pè é kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó parí. Nígbà náà, baálé á máa dúró de ọmọdé, ọmọdé á máa dúró de ti àárín, ti àárín á sì máa ya àwòrán rẹ̀ lọ, kò mọ nǹkan kan. Ọwọ́ káfíńtà á sì ti dé ẹnu abẹ.

Kọ̀ǹpútà tó yára kàn mú kí Rọ́fíà máa tètè ṣan aṣọ ni. Kò dí Àǹtí Bísí lẹ́nu.

*

Ọjọ́ Ajé, kí Wẹ́nà tó dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Mágídà. Ó gbọ́, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, kò sì bi mí ní ìbéèrè kankan ju ọ̀kan: "Ṣé a lè mú kí wọ́n pàdé tipátipá?"

A kọ ìlànà kékeré kan tó ń rán àwòrán lọ sójú gíláàsì láìdáwọ́ dúró, ní àkókò gan-an tí iṣẹ́ kékeré yẹn wà nínú ibi àjọlò. Lẹ́yìn náà a lọ sí yàrá ayùn, a ti ilẹ̀kùn, Mágídà ti sọ́séèjì sí abẹ. Ó já. A gbé òmíràn. Ó já. A gbé òmíràn síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, sọ́séèjì sì ń já níwájú wa bí ẹni ń gé ilá. Ìdùnnú ẹni tó rí ohun tó ti ń wá ni. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu wa. A wo ohun tó wà lórí tábìlì.

Wẹ́nà wà nínú ìpàdé pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ wá kó ayùn. Àwọn páálí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ akẹ́rù ti ń bọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé. Gbogbo wọn gbójú sókè.

Mo kọjú sí Wẹ́nà, mo sọ ọ́ bí ó ṣe wá sí mi lẹ́nu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o. Ẹ wá wo nǹkan kan."

Ìgbà tí mo rí ojú Mágídà lẹ́yìn mi ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti pe ọ̀gá ní "ẹ". Ní ọ́fíìsì tí gbogbo èèyàn ń pe ara wọn ní ìwọ, ẹni tó bá padà sí "ẹ" lójijì, ìjà ló ń wá, tàbí ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ò wá ìjà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le tó bẹ́ẹ̀, bí mo ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Wẹ́nà dìde. Ó tẹ̀ lé wa lọ sí yàrá ayùn. A fi hàn án. Sọ́séèjì já. Ó ní ká tún un ṣe. Ó já. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́, ó tún un wọ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń sọ fún wọn pé kí ọkọ̀ akẹ́rù padà.

Àtúnṣe rẹ̀ ò tilẹ̀ gùn. A ṣe é lófin pé ẹni yòówù tó bá wà níbi tí baálé ń dúró dè, ipò baálé ni ó wà títí yóò fi jáde. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pè é kúrò níbẹ̀. Bó bá ti jáde, kó padà sí ipò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a wá jókòó ṣe ohun tó yẹ ká ti ṣe tẹ́lẹ̀: a wo gbogbo ọ̀nà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà, a wá èyí tó pẹ́ jù nínú wọn, a sì rí i dájú pé èyí tó pẹ́ jù yẹn náà ò ní kọjá ààlà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni. Wẹ́nà jókòó tì wá, ó ń béèrè bí ọmọ iléèwé.

"Báwo lo ṣe ronú kàn án?" ó bi mí lọ́jọ́ kan.

Mo sọ ọ̀rọ̀ korobá fún un. Ó fetí sílẹ̀ dé òpin. "Bàbá rẹ," ó ní, "ṣé wọ́n rí ìrun wọn kí?"

"Wọ́n rí i kí."

"Lásìkò?"

"Lásìkò."

Ó mi orí. "Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn nípa ọ̀dọ̀ yín," ó bẹ̀rẹ̀, ó wá dúró. "Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ." Mo ní kò burú. Lóòótọ́, kò burú mọ́.

Mágídà ló fún ìlànà tí a fi ń dán an wò lórúkọ. Ó pè é ní Rọ́fíà. Títí dòní, kí ayùn kankan tó jáde ní ilé iṣẹ́ yẹn, ẹnìkan á béèrè pé, "Ṣé ó ti kọjá lọ́dọ̀ Rọ́fíà?"

Nígbà tí mo sọ fún Rọ́fíà fúnra rẹ̀ lórí fóònù, ó pariwo. "Orúkọ mi? Nínú ẹ̀rọ òyìnbó? Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, kí ni wọ́n ní mo ṣe?"

"Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má rán ẹ níṣẹ́ nígbà tí korobá wà lọ́wọ́ ẹ."

Ó wá sọ̀rọ̀ ní ohùn kékeré. "Ẹ bá mi sọ ọ́ kí Bàbá gbọ́."

Mo bá a sọ ọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín gan-an, wọ́n sì ra korobá ìfami kejì.

*

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ibí ti mọ́ mi lára. Mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo ti ń pe Wẹ́nà ní ìwọ báyìí, bí mo bá sì lọ sílé, ó máa ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan kí ahọ́n mi tó padà bọ̀ sípò. Ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ ata mi. Màmá ìsàlẹ̀ máa ń gbé àkàrà òyìnbó wá fún mi nígbà mìíràn, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò ní wọlé. Nílé, ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá tí kò wọlé, ó ní ohun tó ń bínú sí. Níbí, ọ̀wọ̀ ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ohun tí èèyàn fi ń di ará ibì kan ni pé kò ní bẹ̀rù mọ́ láti béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé irú èèyàn tí mo jẹ́ ló mú mi rò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ayùn náà dé ọjà, wọ́n pè wá láti abúlé kan pé ọ̀kan nínú wọn dúró lójijì, káfíńtà tó ni ín sì ń bínú. Èmi àti Wẹ́nà lọ wò ó. Àgbàlagbà kan ni, ìyẹ̀fun pákó kún ìpéǹpéjú rẹ̀, kò jẹ́ ká kí i tán.

"Àtẹ̀gùn ni mò ń ṣe fún èèyàn!" ó ní. "Igi tó dáa! Nǹkan yìí ṣàdédé fò sókè, ó ba abẹ mi jẹ́. Abẹ tuntun! Ẹ wo pákó náà, ó ti bàjẹ́!"

"Níbo ni ọwọ́ yín wà?" Wẹ́nà bi í.

"Ọwọ́ mi wà níbi tó máa ń wà!"

Wẹ́nà fi ojú tọ́ka sí mi. "Òun ló kọ ohun tó ń dá a dúró."

Káfíńtà náà yíjú sí mi. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ lo ní kó dúró?"

"Èmi ni."

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ò gbọ́dọ̀ gbọ́n ju oníṣẹ́ lọ. Ó ní kí a tó bí mi lòun ti ń la pákó. Ó ń sọ̀rọ̀, ó la ọwọ́, ó ń jù ú níwájú mi, mi ò sì gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ, torí ọwọ́ yẹn ni mò ń wò. Ọwọ́ ńlá ni, ó le bí èèpo igi. Lára àtàǹpàkò rẹ̀, ibì kan bó, kò ju ibi tí ẹ̀gún fà lọ.

Nígbà tí mo délé, mo pe Ìyànà Ọ̀fà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá.

"Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, àbí?"

"Rárá o, sà. Ó bú mi."

"Ó bú ẹ?" Mọ́mì ti gba fóònù. "Kí lo fi ṣe é?"

"Mo ba abẹ ayùn rẹ̀ jẹ́, mà. Ó la ọwọ́ sí mi lójú, ó sì bú mi dáadáa."

"Kí ló wá ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Mọ́mì, ìka márààrún ló là sí mi. Gbogbo wọn ló pé."